Ọ̀sán Kan Níbi Àjọ̀dún Ìlù ní Abẹ́òkúta

Ó ti pẹ́ tí orin ti fìdí múlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Fela Anikulapo-Kuti sí ní ọdún 1938. Ibẹ̀ náà ni Yusuf Olatunji, àgbà olórin sákárà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Baba L'Ẹ̀gbá, ti gbayì títí ó fi kú ní 1978. Ó bójú mu, nítorí náà, pé ìlú yìí ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ti dá àjọ̀dún ìlù sílẹ̀ ní 2016, lásìkò Gómìnà Ibikunle Amosun. Ilé Àṣà June 12 tó wà ní Kútọ̀ ni wọ́n lò fún un. Nígbà tó yá, àwọn onílù láti orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà náà dara pọ̀.

Ohun tó mú ọ̀sán kan níbi irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì ni pé àwọn ìlù tí kì í sábà pàdé máa ń pé síbi kan. Bàtá jẹ́ ti Ṣàngó àti egúngún. Ìgbìn jẹ́ ti Ọbàtálá. Ìpèsè jẹ́ ti Ifá. Gbẹ̀du jẹ́ ti ọba. Kálukú wọn ló ní ọjọ́ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń lù ú. Ẹni tí kì í ṣe orò òrìṣà, tí kò sì gbé nítòsí ààfin, lè dàgbà láìgbọ́ ju ọ̀kan lọ nínú wọn.

Ọ̀wọ́ dùndún ló wọ́pọ̀ jù. Igi ọ̀mọ̀ tàbí igi apá ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. Ó tín-ín-rín láàárín, ó sì fẹ̀ lójú méjèèjì. Awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń bo ojú rẹ̀, ọsán, ìyẹn okùn awọ, ni wọ́n sì fi ń so ojú méjèèjì pọ̀. Ìyáàlù ni olórí, ṣaworo ló sì yí etí rẹ̀ ká. Onílù á gbé e kọ́ èjìká, á fi ọwọ́ kan di ọsán mú, á sì fi èkejì mú kọ̀ǹgọ́. Bó bá fún ọsán, awọ á le, ohùn á ròkè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Bí ìyáàlù ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, nítorí pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Yorùbá gùn lé.

Àwọn ìlù yòókù nínú ọ̀wọ́ dùndún ní iṣẹ́ tiwọn. Kẹríkẹrì, ìṣáájú àti kànnàngó ló ń gbe ìyáàlù lẹ́sẹ̀. Gúdúgúdú, olójú kan, kò ní ọsán tí à ń fún. Ọrùn ni wọ́n ń gbé e kọ́, awọ líle méjì ni wọ́n sì fi ń lù ú láìdáwọ́ dúró, kí àwọn tó kù má baà ṣìnà.

Bàtá yàtọ̀ sí dùndún. Ojú rẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba: èyí tó tóbi ni ojú òjò, èyí tó kéré ni ṣáṣá. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń lu ojú òjò ìyáàlù bàtá, bílálà ni wọ́n fi ń na ṣáṣá. Ìda tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú òjò ló ń mú kí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàtá le ju ti dùndún lọ láti gbọ́, àfi fún ẹni tó ti mọ́ lára. Síbẹ̀, ó rìn jìnnà: àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà gbé ìmọ̀ rẹ̀ dání, wọ́n sì ń lu bàtá mẹ́ta fún òrìṣà níbẹ̀ títí dòní.

Àǹfààní irú àjọ̀dún yìí pọ̀. Àwọn ìdílé Àyàn, tí wọ́n jogún iṣẹ́ ìlù, ń rí àyè fi ọmọ wọn han aráyé; ọmọ á kọ́kọ́ mọ ìlù kékeré lù kó tó kan ìyáàlù. Àwọn tó ń ṣe ìlù ń rí oníbàárà. Àwọn ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé inú rédíò nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ ìlù ń rí ọwọ́ tó ń lù ú.

Ẹni tó bá fẹ́ jẹ èrè ọ̀sán náà dáadáa, kó tètè dé, nígbà tí àwọn onílù ṣì ń ṣètò ohùn ìlù wọn. Kó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kó béèrè orúkọ ìlù kọ̀ọ̀kan àti iṣẹ́ rẹ̀. Bí eré bá wá bẹ̀rẹ̀, yóò lè dá ohùn ìlù kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, yóò sì mọ èwo ló ń sọ̀rọ̀, èwo ló ń gbè é.