Ìpadàbọ̀ Ọmọ Tó Fara Pamọ́: Àyẹ̀wò *My Life in the Bush of Ghosts* ti Amos Tutuola

Ìfáàrà

Nígbà tí *My Life in the Bush of Ghosts* jáde ní London lọ́dún 1954, irú Gẹ̀ẹ́sì tí Amos Tutuola fi kọ ọ́ àti àwọn iwin inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ gbájú mọ́. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé kí ìwé náà tó di ìtàn iwin, ìtàn ọmọdé tó ń sá fún ogun ni. Ẹ̀kọ́ tó sì tóbi jù nínú rẹ̀ kò sí nínú igbó. Ó wà nínú bí wọ́n ṣe gba ọmọ náà lọ́jọ́ tó padà dé.

Ohun tó lé ọmọ wọ igbó

Ọmọ ọdún 7 ni olùsọ̀tàn nígbà tí àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú wọn. Ìyá rẹ̀ ti lọ sọ́jà. Àwọn orogún ìyá rẹ̀ kó àwọn ọmọbìnrin tiwọn, wọ́n sá lọ láìfi tó òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ létí. Àwọn méjèèjì nìkan ni ọmọkùnrin inú ilé, ọ̀rọ̀ ogún sì ti dá ìkórìíra sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún 11, gbé e pọ̀n, ó sáré títí agbára rẹ̀ fi pin. Wọ́n mú ẹ̀gbọ́n. Àbúrò kó wọ igbó. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Tutuola fi hàn pé òwe yìí kò lè gba ọmọ tí àgbà kọ̀ láti sọ fún. Ilé ti tú kí ogun tó dé.

Níbí ni ìwé náà ti yàtọ̀ sí ìwé-ìrántí Anne Frank, ọmọbìnrin Júù tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ mọ̀. Ọmọ ọdún 13 ni Anne nígbà tí òun àti ẹbí rẹ̀ fara pamọ́ ní Amsterdam ní oṣù keje ọdún 1942, lásìkò tí ìjọba Násì Jámánì ń kó àwọn Júù lọ pa. Ènìyàn 8 ló wà níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ bàbá rẹ̀ ń gbé oúnjẹ wá fún wọn ní bòókẹ́lẹ́, títí wọ́n fi mú wọn ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1944. Anne kú sí àgọ́ Bergen-Belsen lọ́dún 1945. Bàbá rẹ̀ nìkan ló yè nínú àwọn 8 náà. Anne ní ẹni tó ń bò ó láṣìírí, ó sì ní ọjọ́ tó ń kọ sórí ìwé. Ọmọ inú ìtàn Tutuola wọ igbó láìsí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ìlú tó dé àti ọ̀gá tó mú un ló fi ń ka ìgbà.

Ara tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́

Ọdún 24 ló lò níbẹ̀. Iwin kan tó ń rùn sọ ọ́ di ẹṣin, ó ń gùn ún káàkiri. Nígbà tó di màlúù, àwọn darandaran lù ú bí ẹran tó sọnù lọ́wọ́ wọn. Níbòmíràn, wọ́n fi í sínú ìkòkò, orí rẹ̀ nìkan ló wà níta, wọ́n sì ń rúbọ sí i. Yálà wọ́n lù ú tàbí wọ́n bọ ọ́, kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ti kà á sí ọmọ ènìyàn. Fún àwa olùkọ́, ó yẹ kí a kíyè sí i pé ìlú tí ìbátan rẹ̀ tó ti kú dá ilé-ìwé sílẹ̀ sí wà lára ibi tó ti rí ìsinmi.

Àléébù ìwé náà wà níbí pẹ̀lú. Ìyanu pọ̀ débi pé iwin tuntun ti máa ń dé kí òǹkàwé tó ráyè káàánú ọmọ náà.

Ìpadàbọ̀

Iwin obìnrin kan tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dà bí tẹlifíṣọ̀n ló fi ìyá rẹ̀ hàn án, tó sì là á lọ́nà. Àmọ́ kò tíì délé tí wọ́n fi tún mú un lẹ́rú. Egbò bo ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á lọ́jà, àfi ọlọ́rọ̀ kan tó fẹ́ fi í bọ òrìṣà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó gbé e pọ̀n lọ́jọ́ ogun ni ọlọ́rọ̀ náà. Kò dá a mọ̀. Ó fi ìyà ẹrú jẹ ẹ́, títí ọmọ náà fi kọrin, tí etí ẹ̀gbọ́n wá gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ kò rí. Ibí yìí ni iṣẹ́ Tutuola ti jinlẹ̀ jù: ẹni tó fẹ́ràn wa pàápàá lè máa wo egbò, kó má rí ọmọ. Ìkórìíra ni ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé fi parí ìwé náà, kì í ṣe iwin.

Àgbálọgbábọ̀

Fún ẹni tó ń kọ́ olùkọ́ ní Danmagaji tàbí níbikíbi ní ìpínlẹ̀ Kaduna, èyí kì í ṣe ìtàn àtijọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé ní Kuriga. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà, àwọn ológun kéde pé àwọn ti gba ènìyàn 137 padà. Ìròyìn sábà máa ń parí síbi ìdásílẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ olùkọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó sá nínú ogun lè jókòó sí kíláàsì kó má sọ̀rọ̀, kó máa sùn, kó máa jà. Bí a bá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa láti ka ìwé yìí gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìpadàbọ̀, yóò mọ̀ pé kí òun tó gbé pàṣán, ó yẹ kí òun kọ́kọ́ dẹtí sí orin ọmọ náà.