Ẹ̀fẹ̀ inú Àkọlé "Ó Le Kú": Pọ́n-na ni tàbí Ìfọ̀rọ̀dárà?

Àkọlé ìtàn-àròsọ Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ó Le Kú, tí ó jáde ní 1974, wà lára ohun tí àwa olùkọ́ máa ń fò kọjá. A ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìtàn Àjàní, ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. A ó béèrè kókó ọ̀rọ̀ àti ìhùwàsí ẹ̀dá-ìtàn. Bí a bá kan àkọlé, a ó ní pọ́n-na ni, a ó sì ṣí ojú-ìwé tí ó tẹ̀ lé e. Èmi kò gbà pé pọ́n-na ni.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ni ó là mí lójú. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nílé mi ní Agbowó, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kọ̀wé sí mi lórí fóònù pé: "E kaale ma. Baba yen le ku." Bàbá tí ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wa kò tíì wá síṣẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, ara rẹ̀ kò yá. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo pe ọmọ náà, ẹ̀rín ni ó bú sí. Olùkọ́ ìṣirò tuntun ni ó ń wí, ẹni tí ó fún wọn ní ogójì ìbéèrè! N kò bá a rẹ́rìn-ín.

Bàbá yẹn le kú ni ó fẹ́ kọ, Bàbá yẹn lè kú ni mo kà. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni le. Kú tí ó tẹ̀ lé e ń sọ bí líle náà ti pọ̀ tó ni. Aṣèrànwọ́-ìṣe ni lè. Kú tirẹ̀ sì ni ojúlówó ikú. Nígbà tí ọ̀dọ́ bá rí arẹwà tí ó ké pé "Ó le kú!", ohùn àárín yẹn dá wa lójú, ikú kàn ń kọjá lẹ́bàá ọ̀rọ̀ náà bí òjìji ni. Ibẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ wà. Nínú pọ́n-na, ọ̀rọ̀ kan ni ó ní ìtumọ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ méjì tí ó fara jọra ni èyí, ìfọ̀rọ̀dárà sì ni. Ọgbọ́n Ìṣọ̀lá ni pé ó kọ ọ̀kan sí èèpo ìwé, ó fi èkejì sílẹ̀ fún ìtàn. Nígbà tí ìfẹ́ Àjàní bá di ìbànújẹ́, etí wa ti ń gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀. (Bí mo bá ní ẹ̀sùn kan, òun ni pé gbogbo ọ̀dọ́ inú ìwé náà ni ó dùn lẹ́nu jù.)

Ẹ wá yọ àmì kúrò: O le ku. Olè kú tilẹ̀ ti bọ́ sí i! Kò sí ọ̀rọ̀ méjì tí a lè fi wéra mọ́. Kùrukùru ni ó kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìró kékeré àti bùbá tí sinimá Túndé Kèlání, tí ó jáde ní 1997, tún sọ di àṣà: "oleku" lásán ni à ń kọ ọ́, kò le, kò sì kú.

Àwọn tí kò kàwé mọ iṣẹ́ yìí. Ní Ring Road, kọ̀ńdọ́ kan ń ké pé, "Ṣálẹ́ńjì! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Ìyá kan dá a lóhùn pé, "Ṣálẹ́ńjì ni mò ń lọ ní tèmi, n ò dé Ṣéńjì." Gbogbo ọkọ̀ hó. Ìyá yìí ì bá gba máàkì nínú ìdánwò mi.

Àwa ń gé máàkì akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fi àmì sí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n a kì í fún èyí tí ó lè ṣàlàyé iṣẹ́ àmì náà ní nǹkan kan. Mo ti fi máàkì méjì sílẹ̀ fún le àti lè nínú ìdánwò kíláàsì tèmi. Akẹgbẹ́ mi kan ní Bódìjà ní àṣejù ni. Mo ní kí ó kọ́kọ́ fi ìbéèrè náà dán kíláàsì tirẹ̀ wò.