Àṣìpè Méjì Nínú Ìlú Kan

Àṣìpè kan wà tí a ń torí rẹ̀ na ọmọ. Òmíràn wà tí a kò kà sí àṣìpè rárá. Bí ọmọ ilé-ìwé bá ní ‘Pọtakọ́ọ̀tù’, kíá ni olùkọ́ yóò dá a dúró pé kí ó pe h inú Harcourt kedere. Ó dára: orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tí ń bójú tó àwọn ilẹ̀ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni Lugard fi sọ èbúté náà ní 1913.

Ṣùgbọ́n Rumuokwuta, àdúgbò Ikwerre nínú ìlú kan náà, ‘Rumukúta’ ni àwa ń pè é. Ta ni ó bá wa wí? Kw yẹn kì í ṣe ìró méjì. Ẹyọ kan ni, ètè ni a ń ká pọ̀ bí a ti ń pe k. Àwọn kan tilẹ̀ ń túmọ̀ rẹ̀ bí ẹní ń túmọ̀ Abẹ́òkúta. Lóòótọ́, okwute ni Ìgbò ń pe òkúta. Ṣùgbọ́n ‘àwọn ọmọ’ ni Rumu, orúkọ baba ńlá ni ó sì sábà ń tẹ̀ lé e.

Èmi pàápàá jẹ̀bi. Ọdún kan gbáko ni mo fi gbé ibẹ̀ kí n tó bi onílé mi bí wọ́n ti ń pè é.