Ẹ̀wù Àrán Tí A Kò Sanwó Rẹ̀: Ìwà Mímọ́ àti Òtítọ́ nínú The Trials of Brother Jero

Láti ọdún 1960 tí a ti kọ́kọ́ ṣe eré Wọlé Ṣóyínká yìí lórí ìtàgé ní Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kà á sí eré ẹ̀fẹ̀ lásán. Ẹ̀fẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè ńlá ni ó wà lábẹ́ ẹ̀fẹ̀ náà: ǹjẹ́ ìwà mímọ́ lè dúró níbi tí òtítọ́ kò sí?

Jeroboam, tí orúkọ rẹ̀ ń ránni létí ọba tí ó mú Ísírẹ́lì dẹ́ṣẹ̀, jẹ́ wòlíì ní etíkun Bar Beach ní Èkó. Ẹ̀wù àrán ni ó fi ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ láàárín àwọn wòlíì yòókù. Àwìn ni ó sì rà á lọ́wọ́ Àmọ̀pé, oníṣòwò. Nígbà tí olówó wá dógò tì í lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀nà àtiyọ́ jáde ni ẹni Ọlọ́run ń wá. Ibí yìí ni ọgbọ́n òǹkọ̀wé ti hàn jù lọ: gbèsè kékeré ni ó fi dán wòlíì rẹ̀ wò, aṣọ ìwà mímọ́ fúnra rẹ̀ sì di ẹlẹ́rìí àìṣòótọ́.

Irọ́ a máa bí irọ́. Jero mú kí Chume, ọmọ ìjọ rẹ̀, gbà pé etíkun ni òun ń sùn. Kò jẹ́ kí ó na ìyàwó rẹ̀, nítorí ẹni tí ẹ̀dùn rẹ̀ bá tán lè fi ìjọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti mọ̀ pé Àmọ̀pé ni ìyàwó náà, ó yọ̀ǹda ẹgba. Nígbà tí àṣírí tú, ó ní orí Chume ti dàrú. Chume pàápàá kò mọ́: àṣẹ àtina aya ni ó ń fi àdúrà wá, kì í ṣe ìyípadà ọkàn.

Síbẹ̀, eré náà ní àléébù kan. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni Àmọ̀pé ń béèrè, ṣùgbọ́n òun ni a sọ di aláròyé tí a ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn òǹwòran nìkan ni Jero ń bá sọ òtítọ́, ìyẹn ni wọ́n fi ń bá a rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà kò purọ́: òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké.

Olùkọ́ tí yóò bá fi eré yìí kọ́ni, kí ó bi kíláàsì rẹ̀ léèrè: ta ni ó jẹ gbèsè, ta ni a sì fi rẹ́rìn-ín? Nínú ìdáhùn wọn ni yóò ti hàn bóyá ẹ̀wù ni a fi ń mọ ẹni mímọ́ láàárín wa, tàbí owó tí ó san.