Àfòpiná Orí Òkè Sípéènì

Nínú igbó páìnì orí òkè Sípéènì, àti ní apá kan àwọn òkè Alps ilẹ̀ Faransé, ni àfòpiná tí wọ́n ń pè ní Graellsia isabellae ń gbé. Mariano de la Paz Graells, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ní Madrid, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1849, ó sì fi orúkọ Ọbabìnrin Isabel Kejì, tó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà, dá a lọ́lá.

Orúkọ ọba yẹ ẹ́. Apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní, wọ́n ní àwọ̀ ewé, iṣan pupa rúsúrúsú sì là wọ́n já gbangba. Àmì roboto kan dúró lára apá kọ̀ọ̀kan bí ojú. Apá ẹ̀yìn gùn di ìrù, ti akọ sì gùn ju ti abo lọ. Ìwo orí akọ yọ ẹ̀ka wẹ́wẹ́. Òun ló fi ń gbóòórùn abo nínú òkùnkùn.

Ẹwà yìí kò ṣẹ̀yìn oúnjẹ ìgbà èwe. Bí àfòpiná yìí bá ti yọ apá, kì í jẹun mọ́ títí tí yóò fi kú, ọjọ́ rẹ̀ kò sì pọ̀. Agbára tó fi ń fò, tó fi ń gùn, tó fi ń yé ẹyin, ìgbà tó wà ní kòkòrò tí ń rákò ló ti kó o jọ, láti ara ewé páìnì, ewé tínínrín tó le, tó kún fún oje. Bí kòkòrò náà ṣe ń dàgbà ni ara rẹ̀ ń di àwọ̀ ewé, pẹ̀lú àmì funfun àti àwọ̀ ilẹ̀. Bó bá dúró jẹ́ẹ́ láàárín ewé, ojú á wò ó, kò ní rí i.

Nígbà tó bá yó tán, á sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ ewé gbígbẹ, á sì ta òwú yí ara rẹ̀ ká, gẹ́gẹ́ bí kòkòrò tó ń fún wa ní òwú sányán ṣe ń ta òwú. Ibẹ̀ ni yóò ti sun òtútù já, kó tó jáde láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà.

Kì í ba igbó jẹ́. Àmọ́ oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí kòkòrò mìíràn tó ń run páìnì lè pa òun náà, iná igbó sì lè jó o mọ́ inú òwú rẹ̀. Òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ní 1992 dáàbò bò ó, ó sì ní kí wọ́n pa igbó tó ń gbé mọ́ pẹ̀lú. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn, nítorí kò sí bí apá náà ṣe lè wà láìsí ewé páìnì.