Àwọ̀ Ogbó Lára Àwòrán Tuntun

Ẹni tí ó bá wọ ilé iṣẹ́ ayàwòrán ní Pobẹ̀ tàbí ní Ṣakẹ́tẹ́ lónìí yóò rí àwòrán pupa rúsúrúsú lára ògiri, tí ń ṣe bí àgbà, bẹ́ẹ̀ sì ni títẹ̀ rẹ̀ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ìdílé ni ó ń béèrè rẹ̀ fún ìrántí òkú. Wọ́n á mú fọ́tò bàbá wọn wá, ayàwòrán á gbé e sínú kọ̀ǹpútà, á pa á láró ogbó, ẹ̀rọ tí ń wọ́n tàdáwà á sì tẹ̀ ẹ́ jáde. A kò bínú sí iṣẹ́ náà. Irú ogbó tí wọ́n ń fún àwòrán ni a ń bá wọn jiyàn lé lórí.

Kì í ṣe gbogbo àwòrán àtijọ́ ni ó rí rúsúrúsú. Ní 1850, Blanquart-Evrard ará Faransé fi ìlànà kan hàn, nínú èyí tí a ń fi funfun ẹyin pa bébà àwòrán. Irú bébà bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń pọ́n bí ó ti ń dàgbà. Ṣùgbọ́n dúdú àti funfun ni fọ́tò àwọn bàbá wa tí wọ́n yà lẹ́yìn òmìnira 1960. Ẹni tí ó bá ti wo iṣẹ́ Joseph Moïse Agbodjelou ti Àjàṣẹ́ mọ bí dúdú náà ti jinlẹ̀ tó. Bí a bá wá sọ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ di rúsúrúsú, ẹ̀wù baba baba rẹ̀ ni a gbé wọ ẹni inú rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan mú ọ̀kan wá sí kíláàsì. Baba àgbà rẹ̀ ni, fọ́tò kan ṣoṣo tí ìdílé ní. Ayàwòrán ti gé etí rẹ̀ dànù, tòun ti òǹtẹ̀ àti ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ó tún ti nu ilà ojú baba náà kúrò. Ó ṣe bí ẹni pé bébà ni ó há. Ojúlówó rẹ̀ ti sọnù. Ọmọ náà bi wá bóyá baba òun kọlà lóòótọ́, ilà wo sì ni. A kò rí èsì fún un.

Ẹ̀rọ kọ́ ni ó jẹ̀bi. Ní 1930, Frédéric Gadmer bá Fádà Francis Aupiais wá sí Dahomey láti ya àwòrán fún Albert Kahn, oníbáǹkì ní Paris. Àwòrán aláwọ̀ orí gíláàsì tí ó yà lé ní 1,000. Ilé ọnà Albert-Kahn ní Boulogne-Billancourt ṣe ìfihàn lórí wọn ní 2024. Autochrome ni wọ́n ń pè é, àwọn Lumière ni wọ́n sì gbé e sọ́jà ní 1907. Hóró ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún òyìnbó tí a rẹ ní aró pupa-ọsàn, àwọ̀ ewé àti àlùkò ni ó fún un ní àwọ̀, ìmọ́lẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gba àárín wọn kọjá kí ojú tó rí ohunkóhun.

A tẹ ọ̀kan lórí bébà. Ó ṣú bí ọ̀sán òjò. A tún un tẹ̀ sórí ọ̀rá mímọ́ gaara, a fi ẹ̀dà méjì léra wọn, a gbé wọn sójú fèrèsé kíláàsì. Àwọ̀ aṣọ inú rẹ̀ yọ; àwọn ọmọ dákẹ́, ohun tí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ìkán tàdáwà kì í ṣe hóró ìyẹ̀fun, ọ̀rá kì í sì í ṣe gíláàsì, ṣùgbọ́n àfarawé yìí kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń wo ojúlówó kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè yẹn gan-an ni aró ogbó kì í béèrè.

Ayàwòrán kan ní Pobẹ̀ gbà láti dán ọ̀nà mìíràn wò nítorí wa. Ó tẹ fọ́tò àtijọ́ kan ní dúdú tí ó dúdú, lórí bébà tí kì í dán, ó fi etí àti òǹtẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó kọ ọdún títẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Oníbàárà rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò tíì gbó tó.