Àárò àti Ìdáríjì Ara-Ẹni: Ilé Ijó Alẹ́ nínú Eré Kakadu

Nínú Kakadu, eré olórin tí agbẹjọ́rò Uche Nwokedi kọ, tí wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe ní Èkó ní 2013, ilé ijó alẹ́ kì í ṣe ibùdó ìtàn lásán. Òun gan-an ni olú ẹ̀dá-ìtàn. Ìgbésí ayé àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin ní àwọn ọdún 1960 ni eré náà ń sọ, ṣùgbọ́n ohun tí òǹwòran ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ni ilé ijó Alágoméjì, ní Yábàá, tí orin ti tán nínú rẹ̀.

Orin àtijọ́ ni ọgbọ́n tí òǹkọ̀wé ta. Òǹwòran á ti máa gbè é kí ẹ̀dá-ìtàn tó lanu. Àárò ti ṣáájú èrò. Èkó tí àárò yìí ń fi hàn ni Èkó tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìlú tí afọnfèrè ti wá. Èyí kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ọ̀dọ̀ Bobby Benson, ẹni tí ó ni Caban Bamboo ní ọ̀nà Ìkòròdú, ni Victor Ọláìyá àti Zeal Onyia ti ṣeré rí.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìpakúpa ọdún 1966, ọ̀pọ̀ olórin Ìgbò fi Èkó sílẹ̀ lọ sí ìlà-oòrùn. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje 1967, kò sì parí títí di oṣù kìíní 1970. Èkó kò dẹ́kun ijó ní gbogbo àkókò yìí. Jùjú ń gbilẹ̀ níbi tí háíláìfù ti ń fà sẹ́yìn. Ní ìparí àwọn ọdún náà, Fẹlá sọ Kakadu fúnra rẹ̀ di Afro-Spot. Kò sí ẹ̀sùn nínú pé ẹni tí ó kù nílé lu ìlù rẹ̀. Ẹ̀sùn wà nínú kí ó máa rántí ijó, kí ó má rántí àga tí ó ṣófo.

Níbí ni ọgbọ́n eré náà ti di àléébù rẹ̀. Bí a bá ti gbé ẹ̀dùn ọkàn ka orí ilé, ó rọrùn láti sunkún ilé, kí a má sì béèrè àwọn tí ó jáde kúrò nínú rẹ̀. Tótó ó ṣe bí òwe, ẹni tí ó ṣu lè gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Ọmọ Ìgbò ni òǹkọ̀wé. Ó ní ẹ̀tọ́ sí àárò rẹ̀. Òǹwòran Èkó ni ó yá àárò náà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó fi dárí ji ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í ní ìbéèrè.

Ní 2017, wọ́n gbé eré náà lọ sí Johannesburg. Òǹwòran ibẹ̀ kò mọ Alágoméjì, kò sì ní ilé ijó kankan tí yóò sunkún níbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ tí ogun tú ká nìkan ni ó kù fún un láti wò.